Ìwọ̀n Tí Olódùmarè Fi Sínú Ṣíbí Ṣúgà Kan

Ẹ bu gúlúkóòsì ẹ̀kún ṣíbí kékeré kan, irú ṣíbí tí a fi ń ro tíì. Kò ju nǹkan bíi gíráàmù 5 lọ. Bí ọmọdé bá dà á sẹ́nu, kó tó gbé itọ́ mì lẹ́ẹ̀mejì, ó ti yọ́. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè ohun kan nípa rẹ̀: iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ wo ni ṣíbí gúlúkóòsì yìí lè ṣe?

Ìdáhùn wà, a sì lè ṣírò rẹ̀: ó tó kílójúùlù 80. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìyẹn ṣe pọ̀ tó, kó gbójú sókè wo Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, ilé alájà 26 tí wọ́n parí ní 1965, tó ga ní mítà 105. Láti gbé ẹni tó wọn kílò 70 kúrò nílẹ̀ títí dé orí òrùlé ilé náà, iṣẹ́ tó gbà jẹ́ kílójúùlù 72. Ṣíbí kan yìí tó o, ó sì tún ṣẹ́ kù.

Pé agbára pọ̀ tó báyìí nínú ohun kékeré, ìyẹn ti yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n pé agbára náà ní ààlà, pé kò sí ẹ̀rọ tí a ti ṣe tàbí tí a máa ṣe lọ́la tó lè rí ju iye yẹn lọ nínú ṣíbí gúlúkóòsì kan, ìyẹn gan-an ló ń mú mi wólẹ̀ fún Ẹlẹ́dàá. Ó dá oúnjẹ, ó sì dá ìwọ̀n mọ́ ọn. Ó wá fún ọmọ ènìyàn ní làákàyè tó fi lè rí ìwọ̀n náà, nítorí ẹni tó bá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tú ọ̀rọ̀ yìí, yìnyín ni wọ́n lò. Ní ìgbà òtútù tó bẹ̀rẹ̀ ní 1782, ní ìlú Paris, Antoine Lavoisier àti Pierre-Simon Laplace ṣe àgbá kan tó ní yàrá mẹ́ta, ọ̀kan nínú èkejì. Wọ́n fi ẹranko kékeré kan tí wọ́n ń pè ní guinea pig, tó fẹ́ jọ òkété ṣùgbọ́n tí kò nírù, sínú yàrá tó wà láàárín gbùngbùn. Wọ́n kó yìnyín yí i ká. Wọ́n tún kó yìnyín mìíràn sí yàrá ìta, kí ooru ilé má baà ráyè wọlé. Ẹranko náà jókòó síbẹ̀, ó ń mí jẹ́jẹ́. Ooru ara rẹ̀ ń yọ́ yìnyín tó wà nítòsí rẹ̀, omi ń kán tó, tó, tó sínú ohun èlò tó wà nísàlẹ̀. Wákàtí ń lọ, wọ́n ń dúró. Nígbà tó yá, wọ́n gbé omi náà sórí òṣùwọ̀n. Wọ́n wọn afẹ́fẹ́ tí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ń mí jáde pẹ̀lú. Wọ́n wá jó èédú, wọ́n wo iye yìnyín tí iná èédú yọ́ kó tó mú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde níwọ̀n kan náà. Iye méjèèjì sún mọ́ra.

Lavoisier kéde pé èémí jẹ́ ìjóná, pé ohun tí iná ń ṣe fún èédú ni ara ń ṣe fún oúnjẹ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìsí ọwọ́ iná, láìsí èéfín. Ọdún 1794 ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ ilẹ̀ Faransé bẹ́ ẹ lórí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bá a kú. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà kí Wilbur Atwater, ní ìlú Middletown ní Amẹ́ríkà, tó kọ́ yàrá kékeré tí odindi ènìyàn lè gbé inú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tó ń wọn oúnjẹ tó wọlé, tó ń wọn ooru àti iṣẹ́ tó jáde. Ohun tó bá oúnjẹ wọlé ló jáde. Kò sí èyí tó sọnù, kò sì sí èyí tó ti ibi àìrí wá.

Ṣùgbọ́n ooru yàtọ̀ sí iṣẹ́. Ooru lè wà rẹpẹtẹ kó má ṣeé fi gbé koríko. Ọ̀gbẹ́ni tó fi ààlà sáàárín àwọn méjèèjì ni Josiah Willard Gibbs, olùkọ́ ní yunifásítì Yale, ní New Haven. Nígbà tí wọ́n gbà á síṣẹ́ ní 1871, wọn kò sanwó fún un, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láàárín 1876 sí 1878, ó tẹ iṣẹ́ ńlá rẹ̀ jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀ ìpínlẹ̀ Connecticut, ìwé tí àwọn tó ń kà á kò pọ̀. Inú iṣẹ́ yẹn ni ọ̀nà ìṣirò wa ti wá.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ẹ wọn gúlúkóòsì gíráàmù 180. Bí ó bá jó tán pátápátá nínú ọ́síjìn, tó di afẹ́fẹ́ carbon dioxide àti omi, ooru tó máa jáde jẹ́ kílójúùlù 2803. Ẹnikẹ́ni lè rò pé ibẹ̀ ni ìṣirò parí sí, pé bóyá iṣẹ́ tí a máa rí tilẹ̀ máa dín sí i. Gibbs ní rárá, ẹ wo ohun kejì: ẹ wo bí nǹkan ṣe tú ká. Ẹyọ gúlúkóòsì kan àti ẹyọ ọ́síjìn 6 ló wọlé. Ẹyọ carbon dioxide 6 àti ẹyọ omi 6 ló jáde. Nǹkan 7 wọlé, nǹkan 12 jáde. Ohun tó so pọ̀ gírígírí tẹ́lẹ̀ ti fọ́nká. Ìfọ́nká yìí náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: júùlù 259 fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Ara wa wà ní dígírì 37, èyí tó jẹ́ 310 lórí òṣùwọ̀n Kelvin tí í bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ibi tí òtútù parí sí. Ẹ fi 259 sọ 310 di púpọ̀, kílójúùlù 80 lẹ máa rí. Ẹ fi 80 kún 2803. Ó di 2883.

Iṣẹ́ wá ju ooru lọ. Ibi tí mo ti máa ń dákẹ́ nìyí. Bí a bá dáná sun gúlúkóòsì yìí, 2803 la máa rí. Bí a bá lò ó tọgbọ́ntọgbọ́n, ààlà iṣẹ́ tó lè ṣe jẹ́ 2883. Níbo ni 80 yẹn ti wá? Láti inú ooru tó yí i ká ni. Nítorí pé nǹkan ń fọ́nká bí gúlúkóòsì ṣe ń tú, òfin ẹ̀dá gbà á láyè láti fa ooru díẹ̀ mọ́ra láti àyíká, kó sì sọ ọ́ di iṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ohun ìdáná ló rí ojúrere yìí gbà. Nínú propane gíráàmù 44, ọ̀kan nínú gáàsì tí a fi ń se oúnjẹ, ooru tó wà níbẹ̀ jẹ́ 2219 kílójúùlù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ tó lè ṣe kò ju 2108. Hydrogen náà, 286 ni ooru rẹ̀, 237 ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn yẹn san owó ibodè kí wọ́n tó kọjá. Oúnjẹ tí Olódùmarè yàn fún ọpọlọ àti iṣan wa kò san kọ́bọ̀. Èlé ni wọ́n fún un.

Òótọ́ ni pé ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò lé lórí ni iye tí mo kọ yìí dúró lé. Nínú ara, níbi tí gúlúkóòsì ti pò mọ́ omi, tí ọ́síjìn kò sì pọ̀ tó ti òṣùwọ̀n wọn, iye náà á yẹ̀ díẹ̀ síwá tàbí sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò yí padà.

Báwo wá ni ara ṣe ń mú iṣẹ́ jáde nínú ṣúgà? Ohun tó kọ́kọ́ yẹ ká mọ̀ ni pé kò ṣe é bí ẹ̀rọ mọ́tò ṣe ń ṣe é. Mọ́tò á jó epo, ooru á le, ooru ọ̀hún ló ń ti nǹkan. Ní 1824, Sadi Carnot, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ààlà: ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibi gbígbóná àti ibi tútù ló ń sọ iye iṣẹ́ tí a lè rí. Ẹ gbé òfin yìí lé ara ènìyàn lórí. Ara wà ní dígírì 37, afẹ́fẹ́ ìta wà ní dígírì 27 lọ́jọ́ tí oòrùn kò mú. Bí ara bá jẹ́ ẹ̀rọ oníooru, iṣẹ́ tó máa rí nínú oúnjẹ kò ní ju nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 lọ. Ẹni tó jẹ iyán àjẹyó kò ní lè gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣan wa ń rí tó ìdá 25 nínú 100. Kí ẹ̀rọ oníooru tó rí iye yẹn lójú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná dé dígírì 127. Ẹ̀jẹ̀ ì bá ti hó gbẹ!

Nítorí náà Olódùmarè kò gba ọ̀nà iná. Ó gba ọ̀nà ìgbésẹ̀ kéékèèké, díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nínú sẹ́ẹ̀lì, gúlúkóòsì kì í jó lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbésẹ̀ 10 ló kọ́kọ́ gbà kó tó pín sí méjì, kó sì di ohun tí wọ́n ń pè ní pyruvate. Ìyẹn á wọ inú mitochondria, ilé iṣẹ́ kékeré tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ ni wọ́n á ti tú u palẹ̀ lórí ọ̀nà kan tó yí po bí òrùka. Hans Krebs ló rí òrùka yìí. Júù ni, ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Ìjọba Hitler lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1933, ó sá wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Sheffield ló ti rí i ní 1937, ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn Nature, wọ́n dá a padà fún un. Ó lọ tẹ̀ ẹ́ níbòmíràn. Ní 1953, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀.

Kí ló dé tí ìgbésẹ̀ fi ní láti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ rántí ohun tí kọ́ńdọ́kítọ̀ dáńfó máa ń pariwo l'Ékòó láàárọ̀ kùtùkùtù: “Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!” Ẹni tó mú odindi ẹgbẹ̀rún náírà wọlé fún ìrìn kékeré, ó lè sọ̀ kalẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Owó ńlá ni gúlúkóòsì. Iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́ iṣẹ́ wẹ́wẹ́: ká fa okùn iṣan kan, ká ti iyọ̀ díẹ̀ jáde, ká so èròjà méjì pọ̀. Ara ń ṣẹ́ gúlúkóòsì sí owó wẹ́wẹ́ kan tí gbogbo ọjà inú ara ń gbà, ATP lorúkọ rẹ̀. Karl Lohmann ló rí i nínú iṣan ní 1929. Kòkòrò àìfojúrí ń ná an, igi ìrókò ń ná an, erin ń ná an, ọba ń ná an, ẹrú ń ná an. Lọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá, owó kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń ná.

Ẹ jẹ́ ká wo ìwé ìṣirò owó yìí. Nínú sẹ́ẹ̀lì, ATP tí a rí nínú gúlúkóòsì lè ṣe iṣẹ́ tó tó kílójúùlù 50 níkọ̀ọ̀kan, bí a bá wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n gíráàmù 180 tí a lò lẹ́ẹ̀kan. Bí òfò kò bá sí rárá, 2883 ì bá fún wa ní bíi 57. Ohun tí ara ń rí gan-an jẹ́ 30 sí 32, ó lé díẹ̀ ní ìdajì. Ẹnìkan lè sọ pé ìdajì kò tó. Ṣùgbọ́n Gibbs àti Carnot ti sọ fún wa pé kí iṣẹ́ tó dé orí ààlà gan-an, ó ní láti falẹ̀ kọjá sísọ, débi pé kò ní parí láéláé. Ẹni tí kìnnìún ń lé kò lè dúró de irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ara ní láti yára, yíyára sì ní owó tí a ń san lé e. Ẹlẹ́dàá ya ìdajì kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́, ó fi èyí tó kù ra ìyára. Ohun tó sì ná kò ṣòfò. Nígbà tí iṣan bá tún ná ATP láti fi gun òkè, apá kan nínú ìyẹn náà á di ooru. Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn Ilé Kòkó lóòótọ́, nǹkan bíi gíráàmù 18 gúlúkóòsì ló máa ná an, kì í ṣe ṣíbí kan. Mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ á di ooru. Irú ooru yẹn ló ń jẹ́ kí ara wa wà ní dígírì 37 lóru, nínú òjò, nínú ọyẹ́. Lára oyún inú ìyá gan-an, irú ooru yìí ló ń ta.

Ọwọ́ tó ń ṣe ATP yìí yẹ fún àkíyèsí. Ní 1961, Peter Mitchell, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé mitochondria kọ́kọ́ ń lo agbára oúnjẹ láti ti hydrogen tó ní iná lára jáde gba inú awọ tín-ín-rín kan, pé bí wọ́n ṣe ń tú padà wọlé ni iṣẹ́ ń wáyé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ yọ ṣùtì sí i. Ó kó lọ sí ilé àtijọ́ kan tó tún ṣe nítòsí Bodmin, ní Cornwall, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ní 1978 ó gba Nobel. Iná tó wà lára awọ náà tó fólítì 0.15 sí 0.2, ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n awọ náà tín-ín-rín débi pé tí a bá fi mítà wọ̀n ọ́n, ó máa tó mílíọ̀nù 30 fólítì fún mítà kan. Iná yẹn wà nínú yín bí ẹ ṣe ń ka ìwé yìí, kò sì jó yín.

Hydrogen tó ń tú padà ń gba inú ẹ̀rọ kan tí ojú lásán kò lè rí, ó ń yí i. Ó ń yí ní tòótọ́! Ní 1997, ọdún tí Paul Boyer àti John Walker gba Nobel lórí ẹ̀rọ yìí, àwọn onímọ̀ kan ní Japan yọ ẹ̀rọ náà láti inú kòkòrò àìfojúrí kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, wọ́n so ọ̀pá tín-ín-rín tó ń tàn yanran mọ́ orí rẹ̀, wọ́n wá bu ATP fún un. Wọ́n tẹjú mọ́ maikirosíkóòpù. Ọ̀pá náà bẹ̀rẹ̀ sí yí, ó yí, ó tún yí, apá òsì ló ń yí sí. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n dáadáa, wọ́n rí i pé ìdá mẹ́ta-mẹ́ta ló fi ń yí po, ATP kan fún ìdá kan. Ohun tó kan ọ̀rọ̀ wa jù ni èyí: nígbà tí ẹrù tó ń fà bá wúwo tó sì ń yí jẹ́jẹ́, iṣẹ́ tó ń ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo agbára tó wà nínú ATP tó ná. Ààlà tí Gibbs fi gègé kọ sórí ìwé, ẹ̀rọ yìí ti ń rìn létí rẹ̀ kí a tó bí bàbá ńlá Gibbs. Nínú ara ènìyàn tó jókòó sinmi, àwọn ẹ̀rọ yìí ń ṣe ATP tó nǹkan bíi kílò 40 lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tó wà nínú ara lẹ́ẹ̀kan náà kò ju nǹkan bíi gíráàmù 100 lọ. Wọ́n ń ná an, wọ́n ń tún un ṣe, láìsinmi.

Gbogbo èyí gba ọ́síjìn. Bí ọ́síjìn kò bá sí ńkọ́? Ẹ wo ẹmu. Láàárọ̀, bí adẹ́mu bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé agbè sọ̀ kalẹ̀, ẹmu náà dùn bí oyin, ọmọdé lè mu ún. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti ń hó yọ fòfò lọ́rùn agbè, bí ẹni pé iná wà nídìí rẹ̀. Kò síná níbẹ̀. Àwọn ìwúkàrà wẹ́wẹ́ ló ń tú ṣúgà palẹ̀ nínú rẹ̀, ìfófòó yẹn sì ni carbon dioxide tí wọ́n ń tú síta. Nírọ̀lẹ́, ó ti kan, ó ti ń pani. Àwọn ìwúkàrà yìí kò rí ọ́síjìn tó tó wọn lò, ATP 2 péré ni wọ́n sì rí nínú gúlúkóòsì kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tó wà nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà, ká tilẹ̀ sọ pé wọ́n lò ó dé ààlà, kò tó ìdá kan nínú 10 ohun tí ọ́síjìn ì bá fún wọn. Èyí tó kù dà? Inú ọtí náà ló wà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ògógóró tí wọ́n pọn láti inú ẹmu fi ń gbiná bí a bá ṣáná sí i. Louis Pasteur ti rí i láti 1861 pé ìwúkàrà tí kò rí afẹ́fẹ́ máa ń jẹ ṣúgà ju èyí tó rí afẹ́fẹ́ lọ fíìfíì. Kò ní ṣe kó má jẹ ẹ́: iṣẹ́ kan náà, oúnjẹ púpọ̀.

Irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa pàápàá. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, tó tó tírílíọ̀nù 25 lára àgbàlagbà, kò ní mitochondria kankan. Òun ló ń gbé ọ́síjìn kiri ara, òun ni kò sì jẹ nínú rẹ̀. Ó ń fi ATP 2 lórí gúlúkóòsì kọ̀ọ̀kan gbé ìgbésí ayé rẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 120, kí ọ́síjìn tó rù lè dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ àti ọkàn láìdín. Ta ló kọ́ ọ ní irú ìwà yẹn?

A kò tíì béèrè ibi tí 2883 ti wá. Ọ̀dọ̀ oòrùn ni. Ewé ìrèké gba carbon dioxide láti inú afẹ́fẹ́ àti omi láti ilẹ̀, ó ń tún wọn so pọ̀ di ṣúgà. Ohun tí ìtúpalẹ̀ bá san, ìsopọ̀ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ gbà á. Kí gúlúkóòsì kan tó dúró, ewé ní láti gba ẹyọ ìmọ́lẹ̀ 48 ó kéré tán. Ewé kò lè rẹ́ ìwọ̀n yìí jẹ kọ́bọ̀, ẹran tó jẹ ewé kò lè rẹ́ ẹ jẹ, àwa náà kò lè rẹ́ ẹ jẹ. Láti ojú oòrùn títí dé inú iṣan ọmọ tó ń sáré, òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni, kò yẹ̀ rí.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Gbogbo ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, bí kò bá tíì jẹun àárọ̀, kò ju nǹkan bíi gíráàmù 5 lọ. Ṣíbí kan. Ọpọlọ nìkan ń jẹ tó gíráàmù 120 lójúmọ́, ìyẹn ni gíráàmù 5 ní wákàtí kan. Ká ní ẹ̀dọ̀ kò máa bù sí i láti inú ohun tó tò pamọ́ ni, ọpọlọ ì bá jẹ ẹ́ tán láàárín wákàtí kan péré. Ẹ̀dọ̀ ń bù ú, èròjà ara tí wọ́n ń pè ní insulin ń dín in, ìwọ̀n náà dúró ní 70 sí 100 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn, lójú oorun, lójú ààwẹ̀.

Ẹni tí àtọ̀gbẹ bá mú, ibi ìwọ̀n yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ṣúgà kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ríbi wọ inú sẹ́ẹ̀lì iṣan rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó wà nínú ọ̀pọ̀, ebi ń pa á. Kó tó di pé Frederick Banting àti Charles Best rí insulin ní Toronto ní 1921, ọmọdé tí irú rẹ̀ tó le jù bá mú kì í pẹ́ kú. Lónìí, ó ṣeé tọ́jú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan lè ní ju gíráàmù 30 ṣúgà lọ, ìlọ́po mẹ́fà gbogbo èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, a óò sì fi omi tútù gbé e mì nínú oòrùn, a óò tún béèrè èkejì.

Mo gbà pé ìyìn tó tọ́ sí ẹni tó fi ìwọ̀n dá ayé ni pé ká pa ìwọ̀n mọ́. Orin dára, àdúrà dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ti lé ní ogójì ọdún, àti ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín ní àtọ̀gbẹ, ẹ má jẹun lóru, kí ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò láàárọ̀ ní ilé ìwòsàn tó bá wà nítòsí. Bí iye náà bá tó 126 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ sì gba ìtọ́jú. Ẹ̀kọ́ ṣíbí kan yìí kò parí sórí ìwé. Inú ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù ló wà.